Ẹ́ńjìnnì Kọ́ńbì gbóná, wọ́n bá da ọ́ìlì tó ki sí i

Kọ́ńbì Volkswagen àtijọ́ kò ní rédíétọ̀, fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí sílíńdà rẹ̀ lára. Ẹni tó bá ti ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà rí ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ń dìjà ni ti ọ́ìlì: báwo ló ṣe yẹ kó gbóná tó, kí sì ni ṣíṣe bó bá kọjá bẹ́ẹ̀?

80°C sí 110°C nínú sọ́ńpù, ìyẹn ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì ń kóra jọ sí, dára. Nínú ooru oṣù Kẹta ní Àkúrẹ́, tí ọkọ̀ kún fún èrò tó sì ń gun òkè lọ sí Ìdànrè, ó lè ta dé 115 fún ìgbà díẹ̀, kò tíì bàjẹ́. Bó bá kọjá 120, kí awakọ̀ dẹ ẹsẹ̀. Ní 130, ọ́ìlì ti ṣàn jù, kò lè ya kráńkì tó ń yí àti bẹ́áríǹ tó gbé e dúró nípá mọ́, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Àìtó 80 náà kò dára: ọkọ̀ tí kò rìn ju Alágbàká sí Ọjà Ọba lọ lójúmọ́ kì í gbóná tó láti lé omi tó ń kóra jọ sínú ọ́ìlì, ohun funfun kan tó ń yọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ inú ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí.

Inú rìlíìfù fáàfù ni ọgbọ́n ẹ́ńjìnnì yìí wà. Irin róbótó kékeré kan ni, sípíríńgì ló tì í lẹ́yìn. Ó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, nítòsí pọ́ńpù ọ́ìlì, bọ́ọ̀tì ńlá kan tó dojú kọlẹ̀ ló dé e. Láàárọ̀ tí ọ́ìlì tutù tó sì ki, agbára tí pọ́ńpù fi ń tì í á tẹ irin náà wálẹ̀ pátápátá, ọ̀nà àbùjá á ṣí, ọ́ìlì á lọ tààrà síbi bẹ́áríǹ láì dé kúlà tó ń mú ọ́ìlì tutù, apá kan á padà sí sọ́ńpù. Bó ti ń gbóná ló ń ṣàn sí i, agbára ń dínkù, sípíríńgì sì ń gbé irin náà sókè títí àbùjá fi dí. Ìgbà náà ni gbogbo ọ́ìlì á gba inú kúlà. Kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Kíki ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe gbóná tó. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni.

Ẹ fi ọ́ìlì wé alábàárù nínú ọjà. Ooru ni ẹrù orí rẹ̀, kúlà ni ibi ìsọ̀kalẹ̀, fáàfù yẹn sì ni onígéètì. Onígéètì yìí kì í jẹ́ kí alábàárù tó sanra wọ ibi ìsọ̀kalẹ̀, àbùjá ló máa ń fi hàn án. Tó bá wá jẹ́ àwọn tó sanra nìkan ni wọ́n gbà síṣẹ́, wọ́n á máa yí ọjà ká tẹrùtẹrù, ọlọ́jà á sì tún máa di tuntun lé wọn lórí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tí wọ́n bá lọ ra ọ́ìlì tó ki ju èyí tó yẹ lọ, tàbí tí wọ́n da tírítìmẹ́ǹtì, ìyẹn èròjà tó ń mú ọ́ìlì ki, lé e. Apá kan ọ́ìlì á tún máa gba àbùjá, pàápàá lórí eré. Iná pupa ọ́ìlì ò ní tàn, ọkàn awakọ̀ á balẹ̀, bẹ́ẹ̀ agbára ọ́ìlì nìkan ni iná yẹn mọ̀, kò mọ ooru. Àléébù ọkọ̀ yìí gan-an nìyẹn: wọn kò fi géèjì ooru ọ́ìlì sí i láti ilé iṣẹ́. Ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ ra ọ̀kan. Ọ́ìlì tí kíki rẹ̀ jẹ́ 20W-50 tàbí SAE 40 tó fún ooru wa. Lítà 2.5 ni ẹ́ńjìnnì 1600 ń gbà. Asẹ́ lásán ló ní, kò ní fílítà, nítorí náà kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000 kìlómítà, kó tètè jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà eléruku.

Fáàfù náà lè há. Bó bá há sílẹ̀, ọ́ìlì gbígbóná kò ní dé kúlà dáadáa. Bó bá há sókè, ọ́ìlì tútù lè fọ́ rọ́bà ìdí kúlà. Kí wọ́n tú bọ́ọ̀tì náà, kí sípíríńgì jáde, kí irin náà fúnra rẹ̀ yọ̀ bọ́ sọ́wọ́. Bí kò bá bọ́, wọ́n á fi táàpù 10 mm, irin tí mẹkáníìkì fi ń gé ojú ìdè bọ́ọ̀tì sínú ihò, dì í mú láti inú, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n wo kúlà: eruku ọyẹ́ àti ọ́ìlì tó ń jò máa ń dí àárín páànù rẹ̀ pa. Kí wọ́n wo rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká pẹ̀lú. Bó bá ti já, fáànù á máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ẹ̀gsọ́ọ̀sì. Lórí òkè, gíà kẹta tó ń sáré sàn ju gíà kẹrin tó ń rọ́jú lọ, torí eré ẹ́ńjìnnì ni fáànù ń bá lọ.

Bí iná dáínámò bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ páákì kíákíá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣeé ṣe kí fáànbẹ́ẹ̀tì ti já, bẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà ló sì ń yí fáànù.