Ibi tí ìwé ìbéèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àwọn ọmọ òrukàn ti ṣẹ̀ wá

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní yunifásítì Johns Hopkins, ní Baltimore, ló to ìbéèrè jọ kí aláìsàn lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Èyí tó tàn kálẹ̀ jù nínú rẹ̀ ní ìbéèrè 25: 10 lórí àìbalẹ̀ ọkàn, 15 lórí ìrẹ̀wẹ̀sì. Ṣé ẹ̀rù máa ń dédé bà ọ́? Ṣé ẹkún máa ń tètè gbọ̀n ọ́? Ṣé oúnjẹ kì í wù ọ́ jẹ? Máàkì ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, "rárá", dé orí 4, "ó pọ̀ gan-an". Wọn á ro ó pọ̀, wọn á fi iye ìbéèrè pín in. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 1.75, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní 1987, Richard Mollica àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston gbé e jáde ní èdè àwọn ará Vietnam, Cambodia àti Laos tí ogun lé dé Amẹ́ríkà. (Irú rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ tiwa ṣáájú: ní 1961, T. Adéoyè Lambo ti Aro àti Alexander Leighton ti yunifásítì Cornell lo ìbéèrè tó ti Kánádà wá ní àwọn abúlé Abẹ́òkúta.)

Ṣùgbọ́n ní Boston, dókítà wà nítòsí tí yóò sọ bóyá ìwé náà ríran. Ní ìgbèríko Rwanda lẹ́yìn ìpakúpa 1994, ta ni yóò sọ ọ́? Ohun tí olùwádìí Paul Bolton ṣe níbẹ̀ ni mo kà sí ìpilẹ̀ gan-an. Ó kọ́kọ́ ní kí àwọn ará abúlé ka àwọn ìṣòro tí ìpakúpa náà dá sílẹ̀. Ó wá bi wọ́n pé ta ló ní àìsàn ìbànújẹ́ tí wọ́n dárúkọ, ta ni kò ní i. Wọ́n fi ìbéèrè náà lọ apá méjèèjì, wọ́n sì wò ó bóyá máàkì àwọn tí aládùúgbò tọ́ka sí ga ju tàwọn yòókù. Ó ga jù lóòótọ́. Ẹ̀rí ẹni tó ń bá ènìyàn gbé ló dúró nípò dókítà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ní Bushenyi, ní Uganda, àwọn olùwádìí lo ìwé ìbéèrè mìíràn, ti Beck, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé, fún ọmọ 123, ọmọ ọdún 11 sí 15, tí wọ́n ní éèdì ló pa òbí wọn. Wọ́n fi wọ́n wé ọmọ 110 tí ẹgbẹ́ wọn jẹ́, tí ìdílé tiwọn ṣì pé. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2005: àìbalẹ̀ ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìbínú pọ̀ lára àwọn ọmọ òrukàn ju ẹgbẹ́ wọn lọ fíìfíì. Lórí àwọn ìbéèrè tó le jù, bóyá ọmọ ṣì ní ìrètí, bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀, máàkì tiwọn ló ga. Kí ọmọ ọdún 11 dá irú ìbéèrè yẹn lóhùn fún àlejò, ẹrù ńlá ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bi í láìní ìrànlọ́wọ́ nílẹ̀.

Ní àgọ́ àwọn ogunléndé lẹ́bàá Gulu, ní àríwá Uganda, Bolton, Theresa Betancourt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò tilẹ̀ fi ìtumọ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Acholi, ẹ̀yà ibẹ̀, fúnra wọn ló ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ: two tam, par àti kumu jọ ìrẹ̀wẹ̀sì, ma lwor jọ ìbẹ̀rù. Inú ọ̀rọ̀ wọn ni ìbéèrè ti jáde. Nígbà tí wọ́n dán ìwé náà wò, wọ́n gbọ́ tẹnu ọmọ, wọ́n sì gbọ́ tẹnu alágbàtọ́. Òun ni wọ́n fi díwọ̀n bí ìtọ́jú ṣe ṣiṣẹ́ lára ọ̀dọ́langba 314, ọmọ ọdún 14 sí 17. Àbọ̀ 2007 fi hàn pé ìjíròrò ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ dín ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn ọmọbìnrin kù, ṣùgbọ́n àìbalẹ̀ ọkàn kò yí padà tó bẹ́ẹ̀.