Sìmẹ́ǹtì kọ́ ló ń gba ilé alámọ̀ là

Ẹni tó bá jogún ilé alámọ̀ n'Íbàdàn, l'Abẹ́òkúta tàbí n'Íjẹ̀bú, tó sì fẹ́ tún un ṣe, ìmọ̀ràn kan náà ló máa kọ́kọ́ gbọ́: kó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri tinútòde, kó da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá, kó sì hú òdòdó àti koríko dànù torí pé àwọn ló ń fa ọ̀rinrin. Wọ́n ní omi ò ní ráyè wọlé mọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé omi á ṣì wọlé, kò kàn ní rí ọ̀nà jáde ni.

Amọ̀ máa ń fa omi, ó sì máa ń tú u sílẹ̀. Nígbà òjò á wú díẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á sún kì. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a wú, kì í sì í bá a sún kì, nítorí náà kò pẹ́ tí wọn yóò fi pínyà, tí ojú sìmẹ́ǹtì yóò sì sán tín-ín-rín. Bí ògiri bá sì ti lanu, aláǹgbá nìkan kọ́ ló ń ráyè wọ ibẹ̀. Omi òjò á gba ojú sísán yẹn wọlé, oòrùn ò sì ní lè fà á jáde mọ́. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí iwájú ṣì ń dán. Ìdí nìyẹn tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi ń dà wó lójijì. Ẹ fi ìka kan ògiri láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi àyà: ibi tó bá ń dún bí agbè òfìfo, sìmẹ́ǹtì ti kúrò lára amọ̀ níbẹ̀. (Ilé búlọ́ọ̀kù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, sìmẹ́ǹtì yẹ wọ́n.)

Ohun tí wọ́n ń sọ nípa àgbàlá náà kò tọ̀nà. Omi tó wà nínú ilẹ̀ ń gba ojú ilẹ̀ jáde bí oòrùn bá ràn. Bí kọnkéré bá ti dí i pa títí kan ẹsẹ̀ ilé, ara ògiri ni púpọ̀ nínú rẹ̀ máa gbà gòkè. Tí omi páànù bá tún já lu kọnkéré, á ta padà sára ògiri, á máa jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Omi yẹn kì í sì í ṣe kékeré. Òrùlé tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lé e, lítà 6,000 ló ń ti etí páànù bọ́ sílẹ̀: dúrọ́ọ̀mù ńlá 30 nínú òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Níbo ló ń lọ? Ká tó ra àpò sìmẹ́ǹtì kankan, ìbéèrè yìí ló yẹ ká dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ náà ló sì máa sọ ibi tí ọgbà yóò wà.

Bí òjò ńlá bá ń rọ̀, ẹ jáde lọ wo ibi tí omi ń dúró sí, kẹ́ ẹ ri igi kéékèèké mọ́ ibẹ̀. Àìsàn méjì tó yàtọ̀ síra lẹ máa bá. Nínú ilé mìíràn, ọ̀gbàrá ti wú ìpìlẹ̀ síta; ibẹ̀ ń fẹ́ òkúta àti yẹ̀pẹ̀ tí a gún mọ́lẹ̀ dáadáa. Nínú òmíràn, kọnkéré lórí kọnkéré ti gbé àgbàlá ga títí tó fi fẹ́ bá ilẹ̀ yàrá dọ́gba. Ẹ gbẹ́ tibẹ̀ kúrò, kí ìta fi ó kéré tán sẹ́ǹtímítà 15 relẹ̀ ju inú ilé lọ. Nínú méjèèjì, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dà kúrò lára ògiri, sẹ́ǹtímítà 2.5 ní mítà kọ̀ọ̀kan, fún mítà 2 àkọ́kọ́. Rọ́bà tí bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi mọ ibi tí ilẹ̀ ga sí àti ibi tó relẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ojú máa ń tan ni jẹ.

Lábẹ́ etí páànù gan-an, ẹ gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ ní sẹ́ǹtímítà 30, tó jìn ní 20, kẹ́ ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì da omi sọ́nà gọ́tà. Kòtò tí kò ní ibi tí omi ń gbà jáde, adágún lẹ gbẹ́ sẹ́sẹ̀ ilé yẹn. Bí etí páànù kò bá yọ tó sẹ́ǹtímítà 60 kọjá ògiri, ẹ fà á gùn. Ìyẹn ń dáàbò bo amọ̀ ju ohunkóhun tí a lè fi rẹ́ ẹ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọgbà kàn. Koríko ń di ilẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kí òjò ta ẹrẹ̀ sára ògiri, ṣùgbọ́n ẹ fi mítà kan sílẹ̀ láàárín ilé àti ohunkóhun tí ẹ máa ń bomi rin. Koríko ọba àti pérégún dára lẹ́yìn mítà yẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí, kó jìnnà tó mítà 3. Máńgòrò àti igi fúrúùtù, mítà 8 sí 10 ni tiwọn. Bí ẹ bá ní kànga, ṣọ́kàwéè gbọ́dọ̀ fi mítà 30 jìnnà sí i, torí náà ẹ ya àyè méjèèjì sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó gbin igi kankan.

Oṣù kọkànlá ni kí kòtò bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣí sìmẹ́ǹtì tó ti kúrò lára amọ̀, pẹ̀lú ṣísẹ́lì àti òòlù kékeré, mítà kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ ti fi igi gbé òrùlé ró kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣíṣí gbogbo ẹsẹ̀ ògiri lẹ́ẹ̀kan náà léwu gidigidi, torí nígbà mìíràn sìmẹ́ǹtì yẹn nìkan ló kù tó ń di amọ̀ rírọ̀ mú. Èyí tó bá ṣì lẹ̀ dáadáa lókè, lábẹ́ etí páànù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ gbẹ ògiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tí ẹ máa fi rẹ́ ẹ ni yẹ̀pẹ̀ pupa tó ń lẹ̀, tí a ti jọ̀, ìwọ̀n 1 sí yanrìn 2 tàbí 3, pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ fi oríṣi ìwọ̀n mẹ́ta dán ibi kékeré mẹ́ta wò. Èyí tó bá sán, ẹ fi yanrìn kún un; èyí tó bá ń kù bí ìyẹ̀fun, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ kún un. Ẹ wọ́n omi sára ògiri kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ, ìpele méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju sẹ́ǹtímítà 1.5 lọ. Tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ṣì ń fẹ́, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, kó má bàa yára gbẹ kó sì sán.

Ní oṣù kẹrin, tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gbin koríko àti igi. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ tún lọ wo ibi tí ẹ ri igi kéékèèké mọ́ lọ́jọ́sí: bí omi bá ṣì dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ tún ìdà ilẹ̀ ṣe kí gbòǹgbò tó mú.