Báńkì Tí Ọkọ̀ Òkun Gbé Wá sí Èkó

Bi ẹni tó ń tajà ní Èkó tàbí Ìbàdàn léèrè pé èló ni àpò kan, igba náírà ni yóò wí. Lójú tèmi, báńkì òyìnbó àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó, èyí tí à ń pè ní First Bank lónìí, ló fún ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtumọ̀ rẹ̀.

Kí báńkì tó dé, owó ẹyọ ni à ń ná. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ló kún ọ̀kẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kẹ́, tó jẹ́ orúkọ àpò, fi tún di orúkọ ẹgbàáwàá nínú èdè wa. Ẹni tó bá ta epo púpọ̀ ní láti wá alárùú tí yóò bá a ru owó relé. Lẹ́yìn náà ni àwọn onísòwò Jámánì láti Hamburg kó ẹyọ Zanzibar wọlé ní rẹpẹtẹ, ni ẹyọ bá dọ̀pọ̀. Síbẹ̀, orí ni àwọn baba wa fi ń ṣírò ọ̀kẹ́, wọ́n ń dá àjọ, wọ́n ń dá èésú. Àwọn tó ní òyìnbó ló kọ́ wa bí a ti ń fowó pamọ́ kò wo ẹ̀yìn wò rárá. Ọjà tó ti gbọ́n sówó ni báńkì wá bá.

African Banking Corporation ló kọ́kọ́ dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, àmọ́ kò pẹ́ tó fi ṣíwọ́. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster ti Alfred Jones, ọmọ Wales tó ń ṣòwò ní Liverpool, ló gba iṣẹ́ náà ní 1893. George Neville ni aṣojú rẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1894, wọ́n forúkọ báńkì náà sílẹ̀ ní London: Bank of British West Africa.

Ọkọ̀ Jones ń kó epo àti èkùrọ́ lọ, ó ń kó ṣílè fàdákà bọ̀. Ìjọba fún báńkì náà nìkan láṣẹ láti máa kó owó fàdákà wọ Èkó, ó sì tún fi owó ìjọba síbẹ̀. Gbòǹgbò ìdàgbàsókè rẹ̀ gan-an nìyẹn. Inú bí àwọn onísòwò yòókù. Wọ́n dá Anglo-African Bank sílẹ̀ ní 1899, èyí tó wá di Bank of Nigeria. Ní 1912, báńkì Jones gbé e mì. Ọdún yẹn náà ni West African Currency Board, àjọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, gba ọ̀rọ̀ owó fàdákà, àmọ́ báńkì yìí kan náà ló ń ṣe aṣojú wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpò. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn jẹ́ ẹgbàá ṣílè, iye kan náà tí àádọ́ta okùn ẹyọ jẹ́! Èrò mi ni pé àpò tí wọ́n ń di ẹgbàá ṣílè sí ni ọjà sọ di òṣùwọ̀n. Nígbà tí náírà dé ní 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àpò kan di igba náírà. Àwọn tó ní ọ̀kẹ́ ẹyọ ló di àpò kò lè sọ ibi tí igba ti wá.

Báńkì náà ti dé Accra ní 1896 àti Calabar ní 1900, àmọ́ agbára káká ni ọmọ ilẹ̀ wa fi ń rí owó yá níbẹ̀. Ìyẹn ló mú Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti Hamzat Subair dá National Bank sílẹ̀ ní 1933. Báńkì Agbọ́nmágbẹ̀, tó wá di Wema Bank, tẹ̀ lé e ní 1945.

Ní 1957, Bank of British West Africa di Bank of West Africa. Lẹ́yìn tó dara pọ̀ mọ́ Standard Bank, wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1969. Òfin 1977 fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìpín tó pọ̀ jù, nígbà tó sì di 1979 ó di First Bank of Nigeria. Marina ní Èkó ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà títí di òní.