Láti Orí Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ibi Tí Àpótí Orin Inú Ilé Ti Ṣẹ̀

Lórí kọ́bọ́ọ̀dù kan nílé wa ní Ìsọ̀kùn, nílùú Iléṣà, àpótí dúdú kan wà tí kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ. Iná aláwọ̀ ewé kan ń tàn níwájú rẹ̀, ó sì ń hùn tọ̀sán-tòru bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. NAS là ń pè é, àpótí ìpamọ́ tó ń gbé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Háàdì dísìkì méjì ló wà nínú rẹ̀, wáyà kan so ó mọ́ ẹ̀rọ Wi-Fi, orin tó wà níbẹ̀ sì lé ní 6,000. Ẹni tó bá wà nínú ilé, ì báà jẹ́ ní yàrá, ì báà jẹ́ ní ìdí ààrò, á fa fóònù yọ, á mú orin tó wù ú, sípíkà á sì gbé e. Íntánẹ́ẹ̀tì kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí dátà bá ti tán láti ọjọ́ mẹ́ta, orin ò mọ̀.

Àwọn àgbà tó bá yà kí wa máa ń béèrè pé, "Rédíò wo lèyí?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí mo ti wá rí i pé ìbéèrè náà sún mọ́ òótọ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò òkè òkun wọ ojúlé àwọn èèyàn l'Ékòó. Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1939. Kì í ṣe irú rédíò tó ń fa ohùn láti inú afẹ́fẹ́. Ibùdó kan ló ń gba ohùn náà, tó wá ń fi wáyà orí òpó pín in kiri ilé, bí ẹni ń pín omi ẹ̀rọ. Àpótí kékeré ara ògiri ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, ohun tí èèyàn sì lè ṣe sí i kò ju kó mú ohùn rẹ̀ lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa wò ó títí, wọ́n rí i pé ó ń dá sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì lẹ́nu ọba tàbí ìwọ̀fà. Wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Ẹ wò ó dáadáa: orísun kan, wáyà, yàrá púpọ̀. NAS orí kọ́bọ́ọ̀dù wa kò jìnnà sí i. Àmọ́ nǹkan méjì wà tí asọ̀rọ̀mágbèsì kò ní. O ò lè yan orin. Èkejì ló dùn mí jù: kò pa nǹkan kan mọ́ fún ọ. Orin tó bá ti kọjá, ó kọjá nìyẹn, àfi tó bá wu àwọn ará ibùdó láti tún un gbé. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ta ni ẹ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìtàn àpótí orin, láti 1935 títí di òní.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ fi ẹ̀dà lé wa lọ́wọ́. A kò sì lè sọ ìyẹn nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ká má dárúkọ I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ìlú tí ọ̀kadà á gbé ọ dé láti Iléṣà kí òógùn tó gbẹ lára rẹ. Ní 1957 ló kó ẹgbẹ́ Morning Star jọ, èyí tó wá di Blue Spots. Ó gbé akọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, Decca ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Bàbá mi ní mẹ́rìnlá nínú àwo rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí àlejò bá wá nìkan ni wọ́n ń gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Ọdún 1963 yẹn kan náà ni Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde níbi ìpàtẹ kan ní Berlin. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fi máa gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀dà ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. O mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ṣe dọ́bù, o kọ orin tó o fẹ́ sórí bébà, o padà wá gbà á nírọ̀lẹ́. Mi ò lè yìn wọ́n. Wọ́n jẹ àwọn olórin lówó, ọ̀pọ̀ olórin ló sì sunkún lórí wọn dójú ikú. Síbẹ̀, mẹ́ta nínú rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́rìnlá bàbá mi ti fọ́, kásẹ́ẹ̀tì dọ́bù tí wọ́n ṣe fún ọ̀rẹ́ wọn kan nígbà náà ló sì bá wa gba orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà.

Nígbà tí Dairo ń kó ẹgbẹ́ jọ, ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀ l'Amẹ́ríkà lọ́dún tó ṣáájú. Ní 1956, iléeṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n ń pè ní RAMAC, òun ló sì kọ́kọ́ wá pẹ̀lú háàdì dísìkì. Àwo 50 ló tò léra wọn nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, gbogbo rẹ̀ sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún ló lè gbà. Ká ní orin MP3 ti wà nígbà náà, ẹyọ kan tó gùn tó ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá kún un dé ẹnu. Ìṣirò owó iléeṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Dísìkì wọ́n gan-an, ìyẹn ló bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìpamọ́. Iléeṣẹ́ tí kò lè ra dísìkì fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á ra ńlá kan, wọ́n á sì jọ máa lò ó. Iléeṣẹ́ Novell ta irú rẹ̀ láti 1983, iléeṣẹ́ Sun Microsystems gbé NFS, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan lo fáìlì inú òmíràn, jáde ní 1984, nígbà tó sì di 1992 wọ́n dá NetApp sílẹ̀ láti máa ta àpótí tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó pa fáìlì mọ́. Fún báńkì àti iléeṣẹ́ ńláńlá ni gbogbo ìyẹn.

Ẹni tó mú un wálé fún irú wa ni Andrew Tridgell. Ní ìparí 1991, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé ni ní Canberra, l'Australia. Kọ̀ǹpútà DOS ló wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ Unix kan tí àyè pọ̀ nínú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó fẹ́ kí ti kékeré máa lo àyè inú ti ńlá bíi pé tirẹ̀ ni. Kò rí ìwé tó ṣàlàyé èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà náà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ló bá kọ ètò tó ń fetí sí wáyà, tó ń gba ọ̀rọ̀ tó bá kọjá sílẹ̀. Ó ń wò ó díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yé e, ó sì kọ òmíràn tó lè dá wọn lóhùn. Kò tilẹ̀ mọ orúkọ èdè náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó gbọ́ pé SMB ni, láti IBM ló ti jáde, Microsoft sì ń lò ó. Ẹni tó fetí sí asọ̀rọ̀mágbèsì títí tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń fún un lésì, ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí nìyẹn.

Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Nígbà tí iléeṣẹ́ kan ní àwọn ló ni orúkọ tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ó ní kí kọ̀ǹpútà bá òun wá ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè tí s, m àti b tò tẹ̀léra nínú rẹ̀. Samba jáde, orúkọ ijó àwọn ará Brazil. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí NAS tí wọ́n ń tà lónìí, òun náà ló ń dáhùn nígbà tí mo bá fi kọ̀ǹpútà ṣí fódà orin nílé.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kejì tún wá ju ti àkọ́kọ́ lọ, bó bá jẹ́ tèmi. Ní 1996, òun àti Paul Mackerras gbé rsync jáde. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé fáìlì méjì wà ní ibi méjì tó jìnnà síra, ọ̀kan ti yí díẹ̀, ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ sì ń wọ́. Báwo ni wọ́n ṣe máa bára mu láìkó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i? Rsync á gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, á fún ẹ̀là kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kékeré tí wọ́n á fi dá a mọ̀, nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ fi wéra, ẹ̀là tí kò bára mu nìkan ló máa rìnrìn àjò. Ẹni tó bá ti ra dátà rí ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé ìwúlò rẹ̀ fún un. Ọwọ́ kan náà tó kọ́ wa bí a ṣe ń pa nǹkan mọ́ sójú kan ló kọ́ wa bí a ṣe ń dà á kọ síbòmíràn.

Orin ti ń bọ̀ lọ́nà ní tirẹ̀. Síìdì tí Philips àti Sony gbé jáde ní 1982 sọ orin di nọ́ńbà, àmọ́ ẹyọ kan gba nǹkan bíi 650 mẹ́gábáìtì, kò sì sí kọ̀ǹpútà inú ilé tó lè gbé e nígbà náà. Karlheinz Brandenburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer, ní Jámánì, wá ọ̀nà láti yọ ohun tí etí kò ní fura sí kúrò, tí orin fi dín kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá. Oṣù Keje ọdún 1995 ni wọ́n fẹnu kò lórí orúkọ .mp3. Ní 2001, Josh Coalson gbé FLAC jáde, èyí tó ń fún orin pọ̀ sí bí ìdajì láìju ohunkóhun nù. MP3 dára fún fóònù. Àmọ́ ohun tó bá ti jù nù, ó ti lọ. FLAC ni mo fi gba àwo Dairo sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo híhan abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọdún 2001 yẹn náà ni Sean Adams àti Slim Devices ní California ta SLIMP3, àpótí kékeré tí kò ní dísìkì kankan nínú. Ó ń jókòó ti sípíkà, orin ń bá a láti inú kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá mìíràn. Squeezebox tẹ̀ lé e ní 2003, Logitech ra iléeṣẹ́ náà ní 2006, wọ́n sì pa Squeezebox tì ní 2012. Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kó parí ni pé ètò tó ń pín orin náà kò sí ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ lọ. Lyrion Music Server ni wọ́n ń pè é báyìí, òun ló ń ṣiṣẹ́ nílé wa. Raspberry Pi kan, irú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tó jáde ní ìlú Cambridge ní 2012, ló ń gbà á fún sípíkà pálọ̀.

Ibi tí mo ti kọsẹ̀ kù. Ní 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní Berkeley kọ̀wé pé dísìkì olówó pọ́ọ́kú púpọ̀ lè ṣiṣẹ́ ju dísìkì ńlá olówó gọbọi kan lọ, bí wọ́n bá tò wọ́n kí ọ̀kan lè gba ẹrù lórí èkejì nígbà tó bá kú. RAID ni wọ́n sọ ọ́. Àpótí inú ilé jogún rẹ̀, èmi náà sì rò pé dísìkì méjì túmọ̀ sí ẹ̀dà méjì. Ní Sátidé kan, àbúrò mi ń wá àyè tó máa kó fídíò sí, ó rí fódà kan tí kò mọ̀dí ẹ̀, ó pa á rẹ́. Dísìkì méjèèjì gbọ́ràn sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀ kan náà. Dígí ni RAID. Bí o bá ṣí fìlà, ẹni inú dígí náà á ṣí fìlà. Rẹ́kọ́ọ̀dù Dairo mẹ́rìnlá, mo ní láti tún mẹ́sàn-án gbé lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ìyókù wà nínú dísìkì kan tí mo ti gbàgbé sílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀.

Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, ti ń sọ ọ́ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bí ogún ọdún sẹ́yìn: ẹ̀dà mẹ́ta, oríṣi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan má sí nílé. Ẹ wo ìdí tí ọ̀kan kò fi gbọ́dọ̀ sí nílé: ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, iná jó ilé ìkẹ́rùsí kan ní Universal Studios ní California, ọ̀pọ̀ téèpù ìpilẹ̀ orin sì bá a lọ. Kí n má parọ́, àwọn babaláwo ti ṣe é ṣáájú Krogh. Odù 256 kò sí lórí ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá kú n'Ífẹ̀, ó wà lórí ẹlòmíràn n'Íléṣà, ó wà ní Cuba, ó wà ní Brazil.

Nítorí náà, NAS wà ní Ìsọ̀kùn, lórí ínfátà, torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń ba dísìkì jẹ́. Ní alaalẹ́, rsync ń da ohun tuntun kọ sínú dísìkì USB kan tó wà nínú wọ́dúróòbù. Ẹ̀kẹta ń gbé ní Lágere. Mi ò fi dátà rán an, ọkọ̀ ni mo ń wọ̀: mo gbé dísìkì tuntun lọ lẹ́yìn oṣù méjì méjì, mo gbé ti tẹ́lẹ̀ bọ̀.

Màmá Lágere ni kò jẹ́ kó rọrùn. Òṣómàáàló ni bàbá wọn, aṣọ àwìn ni wọ́n fi kọ́lé. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n ní, "Dísìkì rẹ wà níbí, kò lọ síbì kan. O ò tíì san owó ilé rẹ̀." Orin àpàlà Haruna Ishola ni wọ́n fẹ́, ogún, sórí fláàṣì wọn. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ Mà, ó di ìgbà mìíràn. Wọ́n fa àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Òṣó ni mo ló síbí yìí." Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ. Bí Haruna ṣe ní ẹ̀dà kẹrin nìyẹn.