Kí ni wọ́n ń pè ní scientific motherhood gan-an?

Tẹ́ ẹ bá ń ka ìtàn bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ nílẹ̀ òyìnbó, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé dáadáa, scientific motherhood. Ó ń dún bíi nǹkan ńlá ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju báyìí lọ: pé ìfẹ́ tí ìyá ní sọ́mọ ẹ̀ ò tó, ohun tí màmá ẹ̀ àti ìyá àgbà fi hàn án náà ò tó, àfi kó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà tàbí kó kà á nínú ìwé. Rima Apple, obìnrin onítàn kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé gan-an lórí ẹ̀.

Kẹ́nikẹ́ni má sì rò pé àwọn dókítà yẹn kàn ń tojú bọ ohun tí ò kàn wọ́n o. Ṣáájú 1900, ọmọ ọwọ́ ń kú ní New York àtàwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ju bó ṣe yẹ lọ, wàrà màlúù tó ti bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ ìyá ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru, tí oòrùn bá sì ti mú, ó tún máa ń le sí i. Ẹni tó ní kí wọ́n se wàrà kí wọ́n sì fọ fídà dáadáa, òótọ́ ló sọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnu tí wọ́n fi sọ ti wàrà náà ni wọ́n fi sọ àwọn nǹkan mìíì tí wọn ò yẹ̀ wò rárá, ìyá tó ń gbọ́ ò sì lè mọ èwo lèwo.

Ẹ wo dókítà L. Emmett Holt. Ní 1894 ó gbé ìwé kékeré kan jáde, ìbéèrè àti ìdáhùn, bíi katikísímù gẹ́lẹ́. Ìgbà wo la lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ ṣeré? Ó ní ká dúró kó pé oṣù mẹ́rin, tó bá tiẹ̀ lè pé mẹ́fà ló dáa jù. Ẹkún ńkọ́? Ó ní eré ìdárayá ọmọ nìyẹn. Aago ló sì ń sọ ìgbà tí ọmọ máa mu ọmú. Dókítà Truby King ní New Zealand, ẹni tó dá Plunket Society sílẹ̀ ní 1907, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìlera ìyá àtọmọ, òun náà wàásù ẹ̀: wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kò sí ọmú lóru. Ẹ wá ro ìyá tó jókòó lóru, ọmú ti kún ó ń ro ó, ọmọ ń ké, ó ń wo aago ara ògiri pé ó ṣì ku ogójì ìṣẹ́jú.

Ìjọba Amẹ́ríkà náà dá sí i, wọ́n dá Children's Bureau sílẹ̀ ní 1912, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé, nígbà tó di 1914 wọ́n tẹ ìwé kan tó ń jẹ́ Infant Care jáde. Mary Mills West ló kọ ọ́, obìnrin tó bímọ márùn-ún! Síbẹ̀ òun náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí òbí má bá ọmọ ọwọ́ ṣeré, tí ọmọ bá sì ń mu ìka, kí wọ́n fi píìnì dí ẹnu ọwọ́ aṣọ ẹ̀ pa.

John B. Watson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló wá gbé e dé òpin. Nínú ìwé kan tó kọ ní 1928, ó ní kí wọ́n má dì mọ́ ọmọ, kí wọ́n má fẹnu kò ó lẹ́nu, tílẹ̀ bá mọ́ kí wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí itọ́ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bíi mánijà báǹkì! Ẹ lọ sọ ọ́ fún ìyá tó ń pọ̀nmọ lọ́jà kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Ní 1936 Watson fúnra ẹ̀ sọ pé ìwé yẹn dun òun, torí òun ò tíì mọ̀ tó láti kọ irú èyí tóun fẹ́ kọ.

Nígbà tí Benjamin Spock, dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé ẹ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ jáde ní 1946 tó ní kí àwọn ìyá gbọ́kàn lé ara wọn torí wọ́n mọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ara tù wọ́n. Àmọ́ ẹ wò ó, dókítà náà ló tún fún wọn láṣẹ pé kí wọ́n gbọ́kàn lé ara wọn. Ìwé Spock yẹn náà ló tún sọ nínú ẹ̀dà ti 1958 pé kí ọmọ máa fi ikùn délẹ̀ sùn, torí tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tó wá bì, ó lè há a lọ́fun. Ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Ó jọ pé ẹnikẹ́ni máa gbà á. Àṣé irú oorun yẹn ló tún ń jẹ́ kí ọmọ kú lójú oorun. Àwọn onímọ̀ kan tó padà ṣàyẹ̀wò ẹ̀ ní 2005 rí i pé ká ní wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ jọ ni, wọn ì bá ti mọ̀ nígbà tó fi máa di 1970. 1991 ni Bìrìtéènì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé kí wọ́n máa fẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, Amẹ́ríkà ṣe tiwọn ní 1994, iye ọmọ tó ń kú bẹ́ẹ̀ sì já wálẹ̀ gan-an.