Bí a ṣe ń mọ káàdì òṣèré sákọ́ọ̀sì tí òṣèré náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí

Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, bí ẹgbẹ́ sákọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn òṣèré tó ń dárà láti ìlú dé ìlú, bá pàgọ́ sí ìlú kan, àgọ́ kékeré máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣàfihàn àwọn tí ìṣẹ̀dá wọn yàtọ̀: aláìlápá, arárá, òmìrán, ìbejì tí ara wọn lẹ̀ pọ̀. Owó ìwọlé, ti olówó àgọ́ ni. Káàdì tó ní àwòrán ara wọn, tí wọ́n ń tà fún èrò ìwòran, ni púpọ̀ nínú wọn ti ń rí owó tiwọn. Ẹni tó bá rà á lè ní kí òṣèré fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí yìí ló ń jẹ́rìí pé káàdì náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú rẹ̀, òun sì ni àwọn tó ń kó o jọ ń wá.

Ẹ̀yìn káàdì ni a kọ́kọ́ ń wò. Ní 1903, iléeṣẹ́ Kodak gbé kámẹ́rà kan jáde tí fíìmù rẹ̀ tóbi tó káàdì ìfìwéránṣẹ́, èyí sì jẹ́ kí ayàwòrán ìlú kékeré pàápàá lè tẹ irú káàdì bẹ́ẹ̀. Bí ìlà bá pín ẹ̀yìn rẹ̀ sí méjì, apá kan fún ọ̀rọ̀, apá kejì fún àdírẹ́ẹ̀sì, káàdì Amẹ́ríkà náà kò ṣáájú 1907, torí ọdún yẹn ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn tó gbà á láàyè. Ẹ wo ibi tí a ń lẹ sítáǹbù mọ́ náà. Bí wọ́n bá kọ AZO, orúkọ irú bébà ìtẹ̀wòrán kan, síbẹ̀, tí àmì onígun mẹ́ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kọjú sókè, bébà náà jẹ́ ti nǹkan bíi 1904 sí 1918. Bí méjì bá kọjú sókè, tí méjì kọjú sílẹ̀, ó jẹ́ ti 1918 sí 1930.

Lẹ́yìn náà ni ìfọwọ́sí. Lẹ́tà funfun tó wà nínú àwòrán kì í ṣe ìfọwọ́sí: orí fíìmù ni wọ́n kọ ọ́ sí, gbogbo ẹ̀dà ló sì ní in. Bó bá jẹ́ dúdú, ẹ gbé káàdì dagun síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi awò amú-nǹkan-tóbi wò ó. Yíǹkì tòótọ́ máa ń wà lórí àwòrán, ó sì ń dán lọ́tọ̀. Bírò kò dé ọjà Amẹ́ríkà títí di 1945, nítorí náà, òṣèré tó kú ṣáájú ìgbà yẹn kò lè fi í kọ orúkọ. Irú iná tí àwọn báńkì fi ń yẹ owó wò náà wúlò: bí bébà bá tàn yanran lábẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn 1950.

Ti aláìlápá ló wú ni lórí jù. Charles Tripp, tí wọ́n bí ní Kánádà ní 1855, kò ní apá rárá. Ẹsẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ẹsẹ̀ náà ló sì fi ń kọ̀wé tó gún régé. Ọwọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà "ìfọwọ́sí", síbẹ̀ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ṣe é. Ẹni tó bá rò pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ lè sọ ojúlówó nù.

Ní ti Violet àti Daisy Hilton, ìbejì tí wọ́n bí lẹ̀ pọ̀ ní 1908, orúkọ méjì ni ó yẹ ká rí, kí ìkọ̀wé wọn sì yàtọ̀ síra. Bí wọ́n bá jọra jù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnì kan ló kọ méjèèjì. Ọdún káàdì wọn ṣe kókó pẹ̀lú. Títí di 1931, tí ilé ẹjọ́ ní ìlú San Antonio ní Amẹ́ríkà gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń darí wọn, àwọn yẹn ló ń gba owó tí wọ́n ń pa, torí náà ọdún káàdì ló ń sọ bóyá owó rẹ̀ lè ti dé ọwọ́ wọn.