Owó wà lọ́wọ́ mi, kí ló dé tí wọn ò ta tíkẹ́ẹ̀tì Arsenal fún mi?

Láti ìgbà tí mo ti London dé, àwọn tí a jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ò jẹ́ kí n gbádùn. Báwo lo ṣe wọ pápá Arsenal? Èló lo san? Àwọn kan tiẹ̀ ní irọ́ ni mo ń pa, pé iwájú géètì ni mo ti ya fọ́tò. Mo wá kó gbogbo ìbéèrè wọn jọ síbí kí ẹnu mi lè sinmi. Arsenal ni mo mọ̀, òun ni màá sọ. Ẹ̀yin ará Chelsea, ẹ má bínú.

Ṣé kì í ṣe kéèyàn dé géètì, kó sanwó, kó wọlé ni?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Nílé ìwòran tiwa, owó ni géètì: ẹ san, ẹ wọlé, ẹ wá bẹ́ǹṣì tí ẹ máa fìdí lé. Ní Emirates, pápá Arsenal, ẹ lè kó owó tabua dání kí ẹ sì dúró síta. Àga 60,704 ló wà nínú pápá náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti lólówó kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn kan wà tó ń ra ti ọdún gbáko. Àga kan náà ni wọ́n ń jókòó lé nígbàkigbà tí Arsenal bá gbá nílé. Èyí tó kù, àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tà á fún.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rà kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa kọ́kọ́ di ọmọ ẹgbẹ́, ẹ sì lè ṣe é láti orí bẹ́ẹ̀dì yín n'Íbàdàn, lórí ìkànnì Arsenal fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa ṣẹ́ gègé. Ẹ óò forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje tí ẹ fẹ́, kọ̀ǹpútà á wá mú àwọn tó bá wù ú. Èmi forúkọ sílẹ̀ fún méjì, gègé ò mú mi nínú méjèèjì.

Báwo lẹ ṣe wá rí tiyín?

Àwọn tó ra ti ọdún gbáko náà máa ń ṣàìsàn, wọ́n máa ń lọ síbi ìgbéyàwó. Bí ẹnìkan ò bá lè wá, ó lè dá àga rẹ̀ padà sórí ìkànnì ẹgbẹ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn rà á níye tó wà lójú ìwé. Ibẹ̀ ni mo fẹ̀yìn tì sí. Odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó nínú pálọ̀ ọmọ àǹtí mi ní Peckham, ní London, tí mò ń fìka fa ojú fóònù wálẹ̀ bí ẹni ń ta ayò. Àwòrán pápá náà máa wà níbẹ̀, gbogbo àga á ti lólówó, bó bá wá di ẹ̀ẹ̀kan, àmì kékeré kan á yọ. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíì ti gbé e. Ìgbà mẹ́rin nìyẹn ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, mo ti fẹ́ ṣe àdúrà, mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkè lọ́hùn-ún ni àga náà wà, lẹ́yìn ojú ilé. Mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n yọ owó. Ẹ̀yin ẹ mọ irú àdúrà tí mo wá gbà.

Ọ̀nà kan wà fún olówó o: àyè tí wọ́n ti ń bọ́ èèyàn lóúnjẹ, tí àga rẹ̀ ní tìmùtìmù. Ìyẹn ò bèèrè pé ẹ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ kàn bèèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó sọ fún ìyàwó yín.

Ẹnìkan sọ fún mi pé òun ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì tóun fẹ́ tà. Ṣé kí n rà á?

Ẹ sá. Láti ọdún 1994 ni òfin ilẹ̀ England ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kò gbàṣẹ máa ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù. Nítorí rògbòdìyàn ni wọ́n ṣe ṣe é, kí alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ méjèèjì má baà kó sáàárín ara wọn. Ẹni tó tà á ni òfin mú, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó kù díẹ̀ kó mú èmi náà. Ẹnìkan fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi, ó dán gbinrin, ó ní kí n san ìdajì. Ọmọ àǹtí mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, tíkẹ́ẹ̀tì ibí kì í ṣe fọ́tò o. Inú fóònù ló ń gbé, òun lẹ máa fi kan ẹ̀rọ kí ilẹ̀kùn tó ṣí." Ó bi ẹni náà bóyá ó lè gbé e wá sórí fóònù mi kí n tó sanwó. Títí di òní, a ò gbúròó rẹ̀.

Mo ti rí ọjọ́ tí wọ́n máa gbá. Ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú?

Ọjọ́ wo lẹ rí? Èyí tí wọ́n gbé jáde nínú oṣù Kẹfà? Ìyẹn kì í ṣe ọjọ́, ìlérí ni. Tẹlifíṣọ̀n ló ni ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìdíje tó wáyé ni wọ́n máa mú èyí tí wọ́n fẹ́ fi hàn, tí wọ́n á sì sún un sí wákàtí mìíràn lọ́jọ́ Sátidé, sí Sọ́ńdè, nígbà míì sí alẹ́ Mọ́ńdè. Bí ẹgbẹ́ náà bá tún ń gbá nílẹ̀ Yúróòpù láàárín ọ̀sẹ̀, tàbí tó wọ ìpele tó kẹ́yìn nínú ife-ẹ̀yẹ kan, ọjọ́ tún lè yẹ̀.

Èmi ò mọ̀. Sátidé ni wọ́n kọ síwèé, mo wá ra ọkọ̀ tó máa gbé mi padà lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Wọ́n sún bọ́ọ̀lù sí Sọ́ńdè. Owó tí mo san fún ìyípadà ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣíwájú, ẹ fi mẹ́ta tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni físà: tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù kì í ṣe ẹ̀rí fún físà. Wọ́n lè ní àwọn ò fún yín, Arsenal ò sì ní bá yín sọ ọ́.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé, òfin wọn ò jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n kankan fi í hàn tààrà ní Britain, láti aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí àwọn èèyàn lè jáde lọ sí pápá. Ẹ̀yin ń wò ó ní Mọ́kọ́lá, ará Holloway, àdúgbò pápá náà, tó ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ojú wíńdò ò rí i wò.

Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀?

Ìrọ̀rùn. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly tó ń kó èrò ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow, òun náà ló ń gba ibùdókọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arsenal kọjá. Gillespie Road ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n yí i padà ní 1932. Láti Peckham, ọkọ̀ ojú irin Overground gbé wa dé Dalston, a wọ òmíràn dé Highbury & Islington, a sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé àwọn tó wọ pupa.

Kí ni mo lè mú dání?

Báàgì tó bá ju ìwé A4 lọ, wọn ò ní gbà á wọlé. Ẹ ti gbé tíkẹ́ẹ̀tì sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, torí bí èèyàn bá pọ̀ tó báyẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dákú. Kí bátìrì yín kún. Bíà wà níbẹ̀, àmọ́ òfin 1985 ò gbà kí ẹ mu ún níbi tí ojú yín ti lè rí pápá. Ẹ ò sì gbọdọ̀ wọ jẹ́sì àwọn àlejò jókòó sáàárín onílé. Wọ́n á fi sùúrù mú yín jáde.

Bí mi ò bá rí tíkẹ́ẹ̀tì rárá ńkọ́?

Ẹ lọ wo àwọn obìnrin wọn. Ó rọrùn láti rí, owó rẹ̀ ò wọ́n, Emirates yẹn náà ni wọ́n ti ń gbá ọ̀pọ̀ ìdíje wọn. Ẹ má sì fojú kéré wọn: àwọn ló gba ife Champions League ní 2025, tí wọ́n na Barcelona ní 1-0 ní Lisbon. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti gbá fún wọn rí, ó sì bá wọn gba FA Cup ní 2016.

Ẹ tún lè rìn lọ sí Avenell Road. Highbury, pápá wọn àtijọ́ níbi tí Kanu ti gbá, ti di ilé tí àwọn èèyàn ń gbé lẹ́yìn tí wọ́n kó lọ sí Emirates ní 2006, àmọ́ ojú ògiri àtijọ́ ṣì wà lójú títì, ọgbà ewéko sì ni orí pápá gan-an báyìí.

Ṣé ó dùn ju tẹlifíṣọ̀n lọ lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ojú yín ò ní rí tó ti tẹlifíṣọ̀n. Láti òkè tí mo wà, mi ò dá nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì mọ̀ bí bọ́ọ̀lù bá wà lápá kejì. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí yín létí pé lágbájá ló gbá a. Nígbà tí góòlù àkọ́kọ́ wọlé, gbogbo èèyàn ti ń fò, èmi ṣì ń wo iwájú, tí mò ń retí kí wọ́n tún un fi hàn.

Ohun tí tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé dé Mọ́kọ́lá ni ohùn. Kì í ṣe ariwo, ìyẹn a mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ Saka lápá ọ̀tún ni: ẹ óò gbọ́ tí àga ń ró gbà-gbà-gbà lẹ́yìn yín, torí gbogbo wọn ló ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá òyìnbó kan ló wà lápá òsì mi, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fi síkáàfù wé ọrùn. Ó ní láti ìgbà tóun ti wà ní kékeré lòun ti ń bọ̀. Mo sọ fún un pé èdè mi ni Bùkáyọ̀, orúkọ tí Saka ń jẹ́, pé ó túmọ̀ sí kí nǹkan bù kún ayọ̀. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè, òun náà pè é, ohùn rẹ̀ gba ibòmíì lọ. Ó ń mi orí, ó ń pè é lábẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí Saka fi bọ́ọ̀lù ṣòfò níwájú ojú ilé, Bàbá yíjú padà, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọmọ náà lórúkọ.